Táyà Òtútù Lábẹ́ Jíìpù Mi ní Abẹ́òkúta

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, mo ra táyà mẹ́rin sí jíìpù mi ní agbègbè Láfẹ́nwá. Ọ̀nà oko wa tó wà lẹ́yìn Ọ̀dẹ́dá ló sún mi dé ibẹ̀, nítorí ilẹ̀ pupa ni, bí òjò bá sì ti lù ú fún ọjọ́ méjì, ńṣe ló máa ń yọ̀ bí ọṣẹ dúdú tó rẹ sómi.

Táyà tòkunbọ̀ ni mo rà. Ohun tó fà mí mọ́ra ni ojú wọn: eyín rẹ̀ jìn, ó pọ̀, wọ́n sì tún fi ọ̀nà tín-ín-rín la orí eyín kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí onídìrí bá fi ẹnu òòyà ya irun. Mo fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà rẹ̀, ó rọ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé rọ́bà tó bá rọ̀ báyìí kò tíì gbó. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé irú rẹ̀ gan-an ni àwọn tó ní jíìpù ń béèrè. Mo gbàgbọ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ tàn mí. Ohun tí ojú mi rí náà ni ojú tirẹ̀ rí.

Lórí ẹrẹ̀, n kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí wọn lọ́rùn. Ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù Kejì, tí oòrùn ti mú ọ̀dà ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù gbóná janjan, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀, jíìpù náà á kọ́kọ́ fì díẹ̀ kó tó tẹ̀lé mi, bí ẹni tó ń fi bàtà tó tóbi jù ú lọ sáré. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo sọ̀kalẹ̀. Etí táyà iwájú méjèèjì ti jẹ lọ, àwọn eyín tí wọ́n là wẹ́wẹ́ yẹn sì ti ń ya. Mo fi èékánná họ ọ̀kan, ó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí èérún búrẹ́dì. Kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ tí mo rà wọ́n.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Quebec ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Mo pè é lórí fídíò kí n lè fi hàn án, ó sì ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aṣọ nu ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn, kí ẹ wá gbé fóònù sún mọ́ ọn.” Mo nù ún. Lábẹ́ eruku ni àwòrán òkè kan ti yọ, òkè onísóńsó mẹ́ta, tí wọ́n ya ẹyọ yìnyín kékeré kan sí inú rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, táyà tí àwa fi ń la ìgbà òtútù kọjá níbí ni ẹ gbé sínú oòrùn Abẹ́òkúta.”

Ohun tó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ra táyà jíìpù ní ìlú wa mọ̀. Ní Quebec, òfin sọ ọ́ di dandan pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ wọ táyà òtútù. Ìdí rẹ̀ ni pé rọ́bà táyà lásán máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le bí ojú ọjọ́ bá ti tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, rọ́bà tó bá sì ti le kì í di ilẹ̀ mú dáadáa. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe táyà òtútù máa ń po rọ́bà rẹ̀ kó lè máa rọ̀ nínú otútù líle, wọ́n á sì la orí eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́ kí etí ilà kọ̀ọ̀kan lè gbá yìnyín mú. Ọyẹ́ wa tó ń mú kí ètè là kì í gbé Abẹ́òkúta sún mọ́ ìwọ̀n 7 yẹn rárá. Ní oṣù Kejì, ooru ibòji gan-an lè tó 35, ojú ọ̀dà sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà tí wọ́n pò fún yìnyín á rọ̀ jù lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: á máa jẹ kíákíá, eyín rẹ̀ á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì rìn jìnnà kó tó dúró nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dẹ́rù bà mí jù, nítorí ìyá wa àti àwọn ọmọ mi ni mo máa ń gbé lọ sí oko.

Àbúrò mi jẹ́wọ́ fún mi pé òun náà ti ṣì í rà rí, ní òdìkejì tèmi. Ní ọdún tó kọ́kọ́ ní jíìpù níbẹ̀, táyà ẹrẹ̀ eléyín ńláńlá ló rà, ó gbà pé eyín ńlá á là yìnyín kọjá, àti pé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà kò lè yọ̀. Nínú yìnyín tó rọ̀, táyà náà ń rìn. Lórí omi dídì, ńṣe ni ọkọ̀ ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, torí pé eyín ńlá tí wọn kò là wẹ́wẹ́ kò ní ohun tí yóò fi di ilẹ̀ mú, rọ́bà rẹ̀ sì le. Ó sì ti kọ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fa ọkọ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra, ṣùgbọ́n kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Ní báyìí, táyà òtútù gidi ló máa ń wọ̀ ọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sì di ìgbà tí otútù dínkù, á bọ́ wọn sílẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ ra òmíràn, mo kọ́kọ́ ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú 265/65R17 112S tó wà lára táyà jíìpù mi, 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 17 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì, 112 sì túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 1,120 kìlógíráàmù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT ló ń sọ ọjọ́ orí: 4118 ló wà lára èyí tí mo rà ní Láfẹ́nwá, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 41 ọdún 2018. Lẹ́tà M+S, tó dúró fún ẹrẹ̀ àti yìnyín (mud and snow), kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lójú, torí ó wà lára ọ̀pọ̀ táyà jíìpù tí kì í ṣe ti òtútù. Àwòrán òkè onísóńsó mẹ́ta ni kí ẹ máa fi dá táyà òtútù mọ̀. Àwọn táyà A/T (all-terrain, tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà àti ilẹ̀ ẹrẹ̀ pọ̀) kan máa ń ní in náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lára rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n la eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Òfin Nàìjíríà pàápàá kò fàyè gba kíkó táyà àlòkù ọkọ̀ kéékèèké wọlé, síbẹ̀ wọ́n ń tà wọ́n ní gbangba.

Táyà A/T tuntun ni mo rà, ọ̀kan rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tòkunbọ̀ mẹ́ta. Ó ń la ẹrẹ̀ Ọ̀dẹ́dá kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lọ́ra díẹ̀ ju àwọn ti àtijọ́ lọ, ó sì dúró ṣinṣin lórí ọ̀dà tó gbóná. Ní ti mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, fọganáísà tó bá mi pààrọ̀ wọn fẹ́ rà wọ́n lọ́wọ́ mi. Mo ní kó bá mi fi ayùn gé etí wọn já lójú mi kí n tó kúrò níbẹ̀.