Kí n tó gbà pé ẹṣin ààyò ló máa jẹ Arc

Láàárọ̀ àná ni bàbá mi kékeré pè mí láti Kétu. N kò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, oṣù kẹwàá ti dé tán. Ẹṣin wo lò ń dì mọ́ lọ́dún yìí?"

Mo wà nídìí màṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ouando níbí, ní Àjàṣẹ́, mo ń ká etí búbá, oníbàárà méjì jókòó tì mí. Mo ní kí wọ́n fún mi títí di alẹ́. Wọ́n ní, "Ó dáa. Má kàn wá sọ fún mi pé ààyò ni o. O mọ ohun tí ààyò fojú rẹ rí." Ààyò ni ẹṣin tí àwọn èèyàn kó owó lé jù.

Mo mọ̀ ọ́n. Odindi agbádá kan ló gbà lọ́wọ́ mi.

Eré ẹṣin tí à ń sọ yìí ni Prix de l'Arc de Triomphe, Arc ni à ń pè é ní kúkúrú, èyí tí wọ́n ń sá ní Longchamp ní Paris ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá. Láti 1920 ni wọ́n ti ń sá a. Mítà 2,400 ni, lórí koríko, kò sí igi tí ẹṣin máa fò, ẹsẹ̀ àti èémí nìkan ni. Mílíọ̀nù 5 yúrò ló wà nídìí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ẹṣin tó mọ eré wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland, Jámánì, títí dé Japan tó jìnnà réré.

Bàbá lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Abidjan, wọ́n ń ta ìkòkò àti àwo ní Adjamé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ka ojú ewé ẹṣin nínú ìwé ìròyìn. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọn ò fi owó ta ẹṣin mọ́, wọn ò fi kọ́bọ̀ lé e. Wọ́n máa ń sọ pé, "Owó ni mo fi sílẹ̀, n kò fi ẹṣin sílẹ̀." Èmi ni wọ́n wá ń kọ́. Ẹṣin tí mo fi ojú ara mi rí kò ju àwọn ti ọdún Gààní ní Nikki lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ Arc ti wọ̀ mí lára báyìí.

Lọ́dún 2019, Enable ni mo dì mọ́. Ta ni kì bá dì mọ́ ọn? Abo ẹṣin ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó ti jẹ Arc ní 2017, ó tún jẹ ẹ́ ní 2018. Eré 12 ló ti jẹ tẹ̀léra, tí ẹnikẹ́ni kò ṣíwájú rẹ̀. Lọ́dún yẹn nìkan ó ti jẹ Eclipse, ó jẹ King George, ó jẹ Yorkshire Oaks, àwọn eré ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Frankie Dettori ló ń gùn ún. Tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, òun ni ẹṣin àkọ́kọ́ tó máa jẹ Arc lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí wọ́n ti ń sá a. Owó tí àwọn èèyàn kó lé e pọ̀ débi pé ẹni tó bá fi 1,000 fáráǹ ta á, èrè rẹ̀ kò ní tó 1,000. Bàbá ní kí n fiyè sí ìyẹn. Wọ́n ní ẹṣin kì í ka ohun tí wọ́n fẹ́ san lórí rẹ̀. Owó gbogbo ayé ni wọ́n kó pọ̀, wọ́n yọ ti ilé iṣẹ́ kúrò, wọ́n pín ìyókù fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Tí èèyàn bá pọ̀ lẹ́yìn ẹṣin kan, ìpín wọn á kéré. Ohun tí iye yẹn ń sọ ni bí èèyàn ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn ẹṣin. Kò sọ bí ilẹ̀ ṣe máa rí lọ́jọ́ Àìkú.

A wá fi aṣọ ta á. Tí Enable bá jẹ, wọ́n máa ra gínì tó dára fún mi. Tí kò bá jẹ, màá rán agbádá fún wọn pẹ̀lú búbá àti ṣòkòtò, láìgba owó iṣẹ́. Mo bi wọ́n pé ẹṣin wo ni tiwọn. Wọ́n ní, "Èmi ò mú ẹṣin kankan. Mo kàn ní tìrẹ ò ní jẹ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo wọ mọ́tò lọ bá wọn. A gba Sákété, a gba Pọbẹ̀, a wọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Òjò àrọ̀kúrò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí mọ̀ pé amọ̀ dúdú ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ pupa Kétu. Nígbà tí a dúró kí èrò kan sọ̀ kalẹ̀, mo rí ọmọkùnrin kan lórí zémidjan tó yà kúrò lórí ọ̀dà sí ọ̀nà abúlé. Kò rìn ju bíi ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ tí amọ̀ fi di mọ́ táyà rẹ̀, tí táyà náà nípọn bí ìlọ́po méjì, tí kò lè yí mọ́ lábẹ́ irin tó bò ó. Ọmọ náà ń fún un níná, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọ̀kadà dúró sójú kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ṣa igi, ó ń fi ha amọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Bàbá lórí oúnjẹ alẹ́. Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Ọ̀kadà yẹn, ṣé kò lágbára ni?"

"Ó lágbára, Bàbá."

"Ẹni tó gùn ún ńkọ́, ṣé kò mọ̀ ọ́n gùn?"

"Ó mọ̀ ọ́n gùn."

"Òjò ti ń rọ̀ ní Paris," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ.

Ní Longchamp, wọ́n ní irin kan tí wọ́n máa ń jẹ́ kó já bọ́ sórí koríko, wọ́n á wo bó ṣe wọlẹ̀ tó, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ bí ilẹ̀ ṣe rọ̀. Lọ́dún yẹn ilẹ̀ rọ̀ púpọ̀. Enable mọ eré sá lórí ilẹ̀ tó gbẹ dáadáa. Kì í ṣe pé kò lè sá lórí èyí tó rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ìyẹn bó ṣe máa ń já wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ tó rọ̀ a máa gbà á lọ́wọ́ ẹṣin.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún kọ́ mi ní èkejì. Wọ́n ki ìgò omi ńlá méjì, oní lítà kan ààbọ̀, bọ inú àpò mi, wọ́n ní kí n gbé e kọ́ èjìká lọ sí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú, kí n rìn kíákíá, kí n sì padà. Nígbà tí mo fi padà dé, okùn àpò ti fi ilà sí mi léjìká. Wọ́n ní, "Kílò mẹ́ta nìyẹn." Nínú Arc, akọ ẹṣin ọmọ ọdún mẹ́ta máa ń gbé kílò 56.5, agẹṣin àti gàárì pọ̀, èyí tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń gbé 59.5. Abo a máa dín kílò kan ààbọ̀. Ní 2017 tí Enable jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, 55 ló gbé. Ní 2019, 58 ni. Mo ní ó ṣáà gbé 58 ní 2018 tó sì jẹ. Wọ́n ní ṣé mo rí bí Sea of Class ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí ọrùn kúkúrú kan ṣoṣo fi là wọ́n. Ẹnu mi wọhò.

Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni wọ́n sá a. Ẹṣin 12 ni. Wọ́n gun òkè Longchamp, wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n yí, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà gbọọrọ ìkẹyìn tó gùn tó mítà 533. Enable bọ́ síwájú. Mo ti dìde dúró, mo ń pàtẹ́wọ́. Bàbá jókòó, ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún. Mo rí i nígbà tí orí Enable bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọlẹ̀ kó tó jáde. Ẹṣin kan sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, kò kánjú, ó ń bọ̀. Waldgeist ni, tí André Fabre tọ́, tí Pierre-Charles Boudot gùn. Enable ti fi í sẹ́yìn nínú Arc 2018, ó tún fi í sẹ́yìn nínú King George. Lọ́jọ́ yẹn ó kọjá lára rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀, ó sì fi ju gígùn ẹṣin kan ààbọ̀ lọ jù ú lọ. Arc kẹjọ Fabre nìyẹn.

Bàbá kò yọ̀ mí. Wọ́n kàn sọ pé, "Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, wọ́n fi ń bá wa wí kí á lè máa fara wé àgbà tó ṣe dáadáa. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ẹṣin gan-an. Ẹni tó wà níwájú kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn rí i, ó mọ ibi tó wà, ó mọ ìgbà tó ń rẹ̀ ẹ́. Lórí mítà 533, pẹ̀lú ẹrẹ̀, ìyẹn tó gbé eré lọ.

Ìgò omi méjì tí mo gbé yẹn, n kò gbà pé òun ló pa Enable, nítorí kílò 59.5 ni Waldgeist gbé. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá, wọn ò sì jà mí níyàn. Ilẹ̀ ni, àti bó ṣe tètè bọ́ síwájú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá àwọn Arc àtijọ́ wò lórí fóònù. Èyí tó dùn mí jù ni ti Orfevre láti Japan ní 2012. Ó kọjá gbogbo wọn lójú ọ̀nà gbọọrọ bí ẹni pé wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ti jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo ayé. Bó ṣe dá wà níwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sápá ọ̀tún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan igi ọgbà, abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Solemia sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìwọ̀n ọrùn kan. Títí di 2025, kò sí ẹṣin Japan kankan tó tíì jẹ Arc. Ní 2021, nígbà tí ilẹ̀ tún rọ̀, Torquator Tasso láti Jámánì ló jẹ ẹ́, tí ẹni tó bá fi pọ́n-ùn kan ta á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa rí 72 lé e. Adayar tó jẹ Derby ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn rẹ̀, Tarnawa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ni Torquator Tasso fẹ́ràn.

Ẹ má gbọ́ mi bí ẹni tó ní ààyò kì í jẹ. Sea The Stars ni gbogbo èèyàn dì mọ́ ní 2009, ó jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ wo bó ṣe jẹ ẹ́: ó fara pamọ́ sáàárín èrò, ó dúró de àlàfo, ìgbà tó rí i ló gba ibẹ̀ já. Ìyá rẹ̀, Urban Sea, jẹ Arc ní 1993. Ọmọ Sea The Stars, Daryz, jẹ ẹ́ ní 2025. Ìyá bàbá, bàbá, ọmọ, oyè kan náà nínú ilé kan. Nígbà tí mo ka èyí fún Bàbá, wọ́n ní kí n tún un kà. Daryz náà, láti ẹ̀yìn ló ti bá Minnie Hauk tó ti bọ́ síwájú, orí kan ṣoṣo ló fi jù ú lọ.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń wò ó nìyí. Ẹṣin tí wọ́n bá pè ní ààyò, mo máa ń wá bó ṣe ṣe lórí ilẹ̀ tó rọ̀, kì í ṣe iye eré tó jẹ. Mo máa ń wò bóyá agẹṣin rẹ̀ ní sùúrù láti má bọ́ síwájú kó tó tó àkókò. Nọ́ńbà àpótí tí wọ́n máa dúró sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń mú un, n kì í sọ̀rọ̀ kí n tó rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Golden Horn jẹ ẹ́ láti àpótí 14, lápá ìta, ní 2015. Tí ó bá jẹ́ pé ìgbà kẹta ló ń wá a, mi ò ní dì mọ́ ọn: ọdún 2015 yẹn náà ni Treve wá tirẹ̀, ipò kẹrin ló wà.

Lálẹ́ àná mo pè wọ́n padà. Mo ní, "Bàbá, mi ò tíì mú ẹṣin. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín tí mo fi gbọ́ ikọ́ wọn. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ní èmi ni màá máa sọ fún wọn ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n ní agbádá búlúù ti 2019 yẹn ni wọ́n máa wọ̀. Iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ ti ń tú lápá òsì. Màá mú abẹ́rẹ́ dání.