Ẹ̀yìn tó ń pa fóònù: ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin àbúrò nídìí iṣẹ́ yìí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa gbé àwòrán bọ́ọ̀dù rẹ̀ (pátákó tí wọ́n ń to ẹ̀yà iná mọ́) wá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn àfikún fún fóònù ni, irú èyí tí òòfà ń lẹ̀ mọ́ ara fóònù. Àwòrán náà mọ́, ó gún régé. Àmọ́ nígbà tí ojú mi dé ibi tí iná ti ń wọlé, mo rí kápásítọ̀ ràgàjì kan (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ fúngbà díẹ̀) tó jókòó sẹ́nu pínnì iná (pínnì ni irin kékeré tó ń kan ara fóònù) láìsí ohunkóhun níwájú rẹ̀, mo sì rí pínnì mẹ́fà tí gígùn wọn dọ́gba. Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Àṣìṣe tèmi gan-an ni, àfi bíi pé ó wo tèmi kọ.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń ya bọ́ọ̀dù tàbí bí I2C, ọ̀nà tí àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkíní: ẹ má fi irin bo ẹ̀yìn fóònù torí pé ó dùn ún wò. Ibẹ̀ ni áńtẹ́nà wà, ibẹ̀ ni kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká roboto) ti NFC wà, èyí tó ń bá ohun tó sún mọ́ ọn sọ̀rọ̀ láìlo wáyà, ibẹ̀ náà sì ni kọ́ìlì tó ń gba iná láìlo wáyà. Bí irin bá dínà mọ́ kọ́ìlì, fóònù á yadi. Bó bá di dandan kí irin wà níbẹ̀, ẹ fi ferrite, ohun bíi seramiki tó ń darí agbára òòfà kúrò lára irin, sáàárín. Fóònù Jolla tó jáde lọ́dún 2013 ń fi NFC mọ ẹ̀yìn tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rò ó wò, ká ní irin ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn ọ̀hún. Ó tó.

Èkejì: ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀yìn bá kan fóònù ni iṣẹ́ yín wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi.

Ẹ̀yìn tó ń ka bákóòdù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé èmi nìkan lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó fi ń ka ìlà náà máa ń fẹ́ iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pínnì fóònù kò sì lè fún un tó bẹ́ẹ̀, ni mo bá gbé kápásítọ̀ 220µF (µF ni wọ́n fi ń wọn iná tó lè gbà) síbẹ̀ kó máa bá mi tọ́jú iná pamọ́. Ìyẹn kò burú. Nínú àwòrán mi àkọ́kọ́, mo fi swíìṣì kékeré kan síwájú rẹ̀, irú èyí tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ kí iná lè rọra wọlé. Ọ̀gá mi nígbà náà wò ó, ó ní àyè kò sí lórí bọ́ọ̀dù, ó ní kí n yọ ọ́. Mo ní, "Ó dáa, sà." Mo yọ ọ́. Mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mi ò sì kọ ọ́ síbì kankan pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì gbáko ni nǹkan fi ń lọ geere lórí tábìlì. Ẹ̀rọ iná orí tábìlì ni mo fi ń bọ́ bọ́ọ̀dù náà, ìyẹn sì lágbára bí ẹṣin. Bí mo bá sì lo fóònù gidi, màá ti lẹ ẹ̀yìn mọ́ ọn kí n tó tàn án. Mi ò fìgbà kankan lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù tó ti wà ní títàn, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn tó fẹ́ rà á yóò máa ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ tí àwọn oníbàárà wá wò ó, olórí ilé ìkẹ́rùsí wọn gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó mú ẹ̀yìn, òòfà fà á. Kọ́! Fóònù kú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara rẹ̀ bọ̀, gbogbo wa dúró, a ń wò ó. Nígbà tó tàn tán, ọkùnrin náà yọ ẹ̀yìn, ó tún fi í sí i. Kọ́! Ó kú. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó ní, "Ṣé bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyí?"

Kápásítọ̀ tó ṣófo kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn: omi tó bá kọ́kọ́ kán sí i, gbígbé ló ń gbé e mì. Ẹ ṣírò rẹ̀: 220µF, 3.3V. Bó bá máa kún láàárín 100 microsecond, iná tó fẹ́ ju amp 7 lọ. Ẹ fà á gùn dé 10 millisecond, kò tó 73 mA (ẹgbẹ̀rún mA ló wà nínú amp kan). Ìwé fóònù náà sì kọ ọ́ gbangba pé 150 mA ni pínnì yẹn lè gbé. Mo ka ìwé yẹn. Mo tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò hàn, wò ó. Mo rí 3.3V tó já wálẹ̀ sí 1.8V, tó gòkè, tó tún já, torí pínnì onísípíríǹgì kì í kàn kó dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń ta bíi bọ́ọ̀lù ná. Ìlà iná yẹn náà ló ń bọ́ àwọn nǹkan mìíràn nínú fóònù, ni gbogbo wọn bá jọ kú.

Ní ìpàdé ọjọ́ kejì, ọ̀gá béèrè pé ta ló yọ swíìṣì. Wọ́n ṣí fáìlì. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ó wò mí, mo wò ó. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò sọ nǹkan kan. Àwọn oníbàárà kò padà wá. Ọdún kọkànlá rèé, inú mi kò tíì yọ́ sí i.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ nǹkan, ẹ béèrè ìdí, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán, tòun ti orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́.

Nígbà tí LG gbé G5 jáde lọ́dún 2016, àwọn èèyàn fi í ṣe ẹlẹ́yà torí pé èèyàn gbọ́dọ̀ fa ìdí fóònù yọ pẹ̀lú bátìrì kó tó lè pààrọ̀ àfikún, fóònù á sì kú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Fóònù tó ti kú, ẹ̀yìn wo ló tún fẹ́ pa á? Lọ́dún kan náà, Motorola gba ọ̀nà tó le: Moto Z, pínnì 16 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà tó wà ní títàn, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì sunkún nídìí pínnì mẹ́fà kò lè mọ iṣẹ́ tó wà nínú 16.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: pínnì ilẹ̀ (ọ̀nà tí iná ń gbà padà) ló gùn jù, òun ló kọ́kọ́ ń kàn. Iná tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dátà. Èyí tó kúrú jù ló ń kàn kẹ́yìn, òun ló ń sọ fún fóònù pé gbogbo wa ti wọlé. Bí dátà bá ṣáájú iná, iná á gba ẹnu dátà yọ́ wọ chip (ọpọlọ kékeré inú ẹ̀rọ), á sì jí i ní ààbọ̀. Ìyẹn burú ju kó kú lọ, torí ẹ ò ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ̀kọ́ kẹta dá lórí bí ẹ̀yìn ṣe ń di òkú ọjà bí ilé iṣẹ́ bá yí ìrísí fóònù padà. Moto Z4 ti ọdún 2019 ni fóònù ìkẹyìn tó gba Moto Mods, ìyẹn àwọn ẹ̀yìn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ Moto Z. Project Ara ti Google, fóònù tí èèyàn ì bá máa to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, kò tiẹ̀ dé ọjà kí wọ́n tó pa á tì lọ́dún 2016. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí ọ̀gá yẹn ti bà mí nínú jẹ́. Ó di ọjọ́ mìíràn.

Mo pe ọ̀dọ́ náà padà. Mo fa dúrọ́ọ̀ mi, mo mú bọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹn jáde àti fóònù tí a fi ń dán an wò. Lóru ọjọ́ tí mo lo oscilloscope ni mo ti fi wáyà tín-ín-rín bí irun jó swíìṣì padà mọ́ ọn. Mo tan fóònù, mo ní kó lẹ ẹ̀yìn mọ́ ọn. Kọ́! Fóònù ò kú. Ó yí bọ́ọ̀dù náà síwá sẹ́yìn, ó wá bi mí pé ta ló jó wáyà wíwọ́ báyìí sí i.