Àtàǹpàkò Lórí Ojú Irin

Ẹni tó bá fẹ́ to rélùwéè kékeré sórí pátákó fún ìgbà àkọ́kọ́, irinṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀ rárá. Rúlà onírin, ọ̀bẹ mímú, fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́, ìṣó wẹ́wẹ́, áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó léèdì mọ́ wáyà, àti gúlù funfun. Pláyà tí wọ́n dìídì ṣe fún gígé ojú irin náà ṣe pàtàkì o, torí pláyà lásán máa ń tẹ ẹnu irin pa ni, wíìlì á sì máa ta gìrì nígbàkigbà tó bá débẹ̀.

Tèmi jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní HO: rélùwéè gidi tó bá gùn tó mítà 87 á di mítà kan. Àlàfo àárín irin méjèèjì ò ju mìlímítà 16.5 lọ. Àtàǹpàkò àgbàlagbà kan ṣoṣo tó o dí.

Súpágúlù ò sí nínú ohun tí mo kó jọ. Àbúrò mi ló mú un wá. Kò sí iṣẹ́ tí àbúrò mi yìí ò mọ̀, àfi èyí tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á síṣẹ́.

Mo ti fi fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n gbẹ́ òkè kan, mo kùn ún, mo gbin igi sórí rẹ̀. Ojú irin gba etí òkè náà kọjá. Mo ta gúlù funfun sábẹ́ rẹ̀, mo gbé ìwé ńláńlá lé e, mo ní ó di ọjọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń fàkókò ṣòfò. Wéré báyìí ni tèmi."

Kí n tó yíjú, ó ti kó ìwé kúrò, ó kán súpágúlù sí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ irin mọ́lẹ̀ digbí. Ọ̀rinrin ló sì ń mú súpágúlù gan kíákíá. Gúlù tèmi ò tíì gbẹ, ọwọ́ tiẹ̀ náà ń làágùn.

"Ẹ tan iná sí i, ká wò ó bóyá ó dọ́gba."

Mo tan án. Ẹ́ńjìnnì fa kóòṣì rẹ̀, ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Gbé ọwọ́ kúrò."

"Mò ń gbé e."

Kò gbé e. Ojú ẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, kò ṣe é gbé o!"

Ẹ́ńjìnnì kan èékánná rẹ̀ kò, ó dúró síbẹ̀, wíìlì ń yí wíríwírí. Ló bá fariwo ta: "Iná ń gbé mi o! Ẹ pa á!" Fóltì 12 péré ni iná ọ̀hún. Kò lè gbé eṣinṣin. Ẹ̀rín ni ò jẹ́ kí n tètè rí ibi tí mo ti máa pa á.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ló yẹ ká fi tú u, pẹ̀lú sùúrù. Mo lọ bù ú wá. Ìyàwó mi gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé. "Ọkọ mi, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó ti mú omi tó fi ń nu ọ̀dà èékánná dání, ó sì dà á sí i gbuurugbu.

Àtàǹpàkò yọ lóòótọ́. Asitóònù ló wà nínú omi yẹn, ó ń tú súpágúlù. Ohun tó ń fi fóòmù ṣe lèmi mọ̀, kí n tó la ẹnu, ẹ̀pa ò bóró mọ́. A kàn gbọ́ ṣììì. Ẹsẹ̀ òkè kọ́kọ́ tẹ̀ wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín. Ihò là. Igi tí mo gbìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ojú irin tẹ̀, ẹ́ńjìnnì fi imú wọlẹ̀, kóòṣì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, létòlétò, bí ẹni pé ibùsọ̀ wà nísàlẹ̀.

Ìyàwó mi di ìgò mú. "Kí ló wá fa ìyẹn?"

Àbúrò mi ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó bẹ ihò náà wò. "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí á dáa fún adágún omi o. Ẹ kàn kùn ún ní búlúù ni."

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. A ti kùn ún. Afárá ló kù. Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì ti ti ìlẹ̀kùn yàrá náà pa.