Ta Ni Kó Wá Gbọ́?

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Òjò ti ṣú láti agogo mẹ́rin, kò tíì rọ̀.

"Ẹnu sí ẹnu lẹ so, Mọ́mì. Ta ni kó wá gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò létí mi láti ọ̀sán. Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀, ni mo ti gbọ́ ọ, níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Ọmọ tó sọ ọ́ ò tíì tó ogún ọdún, kò sì gbójú sókè nídìí òjé tó ń yọ́. Màmá kan ló ń bá wí, home theatre rẹ̀ ni kò gbọ́ ohùn tẹlifíṣàn. Màmá yẹn ní, "Enjinníà, èmi ṣáà ti fi wáyà so ó o." Mo ra àlùbọ́sà, mo ra bátìrì rìmóòtù, mo délé.

Ṣáà ti fi wáyà so ó.

Ihò tí wọ́n bá kọ OUT sí, ẹnu ni. Èyí tí wọ́n bá kọ IN sí, etí ni. Ohun tí ọmọ yẹn ń sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ohùn tẹlifíṣàn tó lè bọ́ sínú home theatre, AUDIO OUT tẹlifíṣàn ló gbọ́dọ̀ lọ sí AUX IN home theatre: pupa fún ọ̀tún, funfun fún òsì. Yẹ́lò, àwòrán ló ń gbé, ọ̀rọ̀ ohùn ò kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ FUNC tàbí SOURCE lórí rìmóòtù títí AUX á fi yọ lójú ẹ̀rọ. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé àwọn home theatre kan tó ń lo dísìkì ní ẹnu tiwọn náà, torí àwọn náà máa ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí tẹlifíṣàn. Pupa wà níbẹ̀, funfun wà níbẹ̀, wọ́n jọra bí ìbejì. Àfi kéèyàn ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lókè ihò, lẹ́yìn tẹlifíṣàn, nínú òkùnkùn, nígbà tí ẹnìkan ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù síbi tí kò yẹ.

Àmọ́ bí mo ṣe ń rò ó lọ, ó dà bíi pé ọmọ yẹn ò tiẹ̀ sọ ọ́ re. Etí sí etí ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ òde òní, bẹ́ ẹ bá rí pupa àti funfun, AV IN ni. Wọn ò fi ẹnu aláwọ̀ méjì yẹn sí wọn mọ́. Ìyá náà rí pupa níhìn-ín, ó rí pupa lọ́hùn-ún, ó so wọ́n pọ̀, ó jókòó. Etí méjì ń dúró de ara wọn. Èyí dùn mí ju ẹnu méjì lọ, mi ò mọ̀ ìdí ẹ̀. Ẹnu méjì, ó kéré tán, ariwo ni wọ́n ń pa. Ilé yìí náà ti dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ má bi mí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá etí home theatre yín ṣì ń gbọ́, ẹ yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ẹ ki wáyà bọ AUX IN, kí orí kejì wà lófìfo. Ẹ wá fi ìka kan abẹ́rẹ́ àárín orí òfìfo yẹn. Bí wúfà bá kùn hùùù, etí ò di. Bó bá dákẹ́, ẹ tún wo FUNC, ó lè jẹ́ pé orí Bluetooth ló ṣì wà.

Níbo wá ni ẹnu tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ wà? Ihò tó ní àwòrán hẹ́dífóònù, ẹnu ni. Wáyà tó lórí ṣóńṣó kan níhìn-ín, pupa àti funfun lọ́hùn-ún, kò wọ́n, ohùn á jáde. OPTICAL náà, ẹnu ni. Iná pupa ló ń gbé ohùn nínú tirẹ̀, kì í ṣe kọ́pà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti dá wáyà rẹ̀ padà fún ẹni tó tà á pé kò ṣiṣẹ́, láìmọ̀ pé fìlà ike pẹ́pẹ̀pẹ́ tó bo orí rẹ̀ méjèèjì ni wọn ò ṣí. Ẹ ṣí i. Ẹ wo orí tó máa lọ sí home theatre kí ẹ tó kì í: bí iná pupa bá ń yọ níbẹ̀, tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀. Ẹ má ká a bí okùn ewúrẹ́, dígí tàbí ike tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó lè sán. Bí iná bá yọ tí ohùn ò jáde, ẹ wọ inú ètò ohùn tẹlifíṣàn, ẹ yí Digital Audio Out sí PCM, èdè ohùn tó rọrùn jù. Home theatre tí kò gbọ́ èdè Dolby, ṣe ló máa dákẹ́ tàbí kó máa ṣe ṣìììì.

Ibi HDMI ni ọ̀rọ̀ ọmọ Lágere ti fọ́ pátápátá.

Torí ARC, ìyẹn Audio Return Channel, ọ̀nà tí ohùn ń gbà padà. Láti ọdún 2009 tí HDMI 1.4 ti dé ni etí ti lè fèsì. Ẹ ki HDMI OUT home theatre bọ ihò HDMI tẹlifíṣàn tí wọ́n kọ ARC sí, kì í ṣe èyíkéyìí. Nínú mẹ́ta, ọ̀kan péré ló sábà máa ń jẹ́. Àwòrán ń gba wáyà yẹn lọ sí tẹlifíṣàn, ohùn tẹlifíṣàn sì ń gba inú wáyà kan náà bọ̀. Ẹnu tó ń gbọ́, etí tó ń sọ̀rọ̀. Dìkódà ní tirẹ̀ á lọ sí ihò HDMI mìíràn lára tẹlifíṣàn. Àmọ́ kì í sábà ṣiṣẹ́ bí ẹ ò bá tan CEC, ètò tí ẹ̀rọ méjèèjì fi ń darí ara wọn. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SimpLink, Sony ń pè é ní Bravia Sync, ohun kan náà ni. Ẹ tún yí Sound Output kúrò ní TV Speaker. Bí iná bá lọ tó sì dé, tẹlifíṣàn lè gbàgbé, kó padà sí sípíkà ara rẹ̀. Ẹ yọ méjèèjì lára ògiri fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tan tẹlifíṣàn, kí home theatre tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má ki HDMI bọ̀ ọ́ nígbà tí iná wà lára àwọn méjèèjì o. Ihò yẹn kéré, ó sì tètè ń jóná. Mo bínú díẹ̀ nípa èyí, torí owó tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀...

Wáyà sípíkà: pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ẹ bá yí ọ̀kan padà, ohùn á ṣì jáde, ṣùgbọ́n ìlù á rù, bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ni kí ẹ bó, ẹ lọ́ ọ pọ̀. Irun kọ́pà ẹyọ kan tó bá kan ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè mú ẹ̀rọ náà kọ PROTECT, kó sì pa ara rẹ̀.

Mo padà sórí ẹnu. Bí ẹnu òṣèré bá ti pa dé kí ohùn tó dé, Bluetooth ló sábà máa ń fà á. AV SYNC, ètò tó ń mú ohùn dúró de àwòrán, ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, torí dídá ohùn dúró nìkan ló lè ṣe, kò lè lé e síwájú. Wáyà ni kí ẹ lò. Ó yàtọ̀ sí ìgbà tí ohùn bá ṣáájú ẹnu, tí tẹlifíṣàn ń fi àwòrán ṣe ọ̀ṣọ́ kó tó gbé e jáde. Nígbà yẹn, ẹ fi ọgbọ̀n, ogójì mílísẹ́kọ́ǹdù kún AV SYNC, ẹ máa wo ètè. Ìròyìn dára fún un ju fíìmù lọ, ẹni tó ń ka ìròyìn kì í yíjú.

Kí ló tiẹ̀ dé tí mi ò fi sọ fún màmá yẹn pé ó lè jẹ́ etí sí etí? Mo dúró síbẹ̀, àlùbọ́sà wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ààrá ti sán lápá Mọdákẹ́kẹ́. Ẹ yọ tiyín náà, kì í ṣe ti ògiri nìkan: ẹ tú wáyà díìṣì lẹ́yìn dìkódà, torí ààrá tó bá tibẹ̀ wọlé á gba inú dìkódà, á gba HDMI, á dé ọ̀dọ̀ tẹlifíṣàn tí ẹ rò pé ẹ ti pa. Tèmi ti wà nílẹ̀. Ẹnìkan ń pè mí láti yàrá kejì, tàbí òjò ni.