Ìjà Ìgboro Làrùn Ìbàdàn, Kí Ni Tìẹ?

Tí èèyàn bá ń wá ọmọ tí yóò máa bá a tajà ní ọjà Gbági Tuntun n'Ìbàdàn níbí, ó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó máa wò ọ́ lójú kó ní olè lọmọ tó kúrò lọ́dọ̀ òun. Wọ́n á ní, "Ọmọ dáadáa ni o, Ìyá Fàrídà. Ó mọ ilẹ̀ ẹ́ gbá, ó mọ oníbàárà á kí. Ọwọ́ ẹ̀ nìkan náà ni." Wọ́n ti sọ tán nìyẹn. Tí iṣẹ́ ò bá yá lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á ní ara ẹ̀ ló wúwo. Èyí tó ń ru ọ̀rọ̀ kiri, ẹnu ẹ̀ ni ò dúró. Èyí tí kì í gbọ́ràn, etí ẹ̀ ló di. Èyí tí ìta ti dùn mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kì í gbélé.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀yà ara ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn? Ọmọ fúnra ẹ̀ dáa, ọwọ́ ló ṣẹ̀. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an. Ìgbà tí ìjà bá dé ni orúkọ máa ń jáde: olè, ọ̀lẹ, olófòófó, alágídí, ọ̀kánjúwà. Tí wọ́n bá ti pe èèyàn ní ọ̀lẹ, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti kó sínú ẹ̀. Kò sí ibì kan tó ṣẹ́ kù tí wọ́n lè fi yìn ín. Ẹni tí ara ẹ̀ wúwo ní tiẹ̀ ṣì lè ní ẹnu tó dùn àti ọwọ́ tó mọ́, a sì lè rí iṣẹ́ ìjókòó fún un.

Aṣọ ni mò ń tà, ojú aṣọ náà ni mo fi ń wo àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Tí léèsì bá dé, ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń tú u, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú ẹ̀ kọjá. Mo máa ń fọwọ́ wá ibi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti fò, tí òdòdó kan ò ní ewé, tàbí tí òwú ti já lẹ́yìn. Àléébù nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ló ti bá a wá. Ọṣẹ ò ràn án, áyọ́ọ̀nù ò ràn án. Tó bá jẹ́ epo ló ta sí i nínú mọ́tò, àbàwọ́n ni, ìyẹn ṣeé fọ̀. Aṣọ tó lálèébù ò ṣeé kó dànù o. A ó dín owó ẹ̀, a ó fi ibẹ̀ han oníbàárà, télọ̀ tó bá mọṣẹ́ á gé e sí abẹ́ abíyá níbi tí ojú ò dé. Àmọ́ tí mo bá ká a pọ̀ tí mo tà á bí èyí tó pé, tí ìyá ìyàwó wọ̀ ọ́ lọ sóde, tí ẹbí ọkọ wá ń nàka sí i, mo ti fi àbùkù kan onítọ̀hún. Àléébù lè wà kí ojú kankan má rí i. Àbùkù ò sí láìsí èrò tó ń wòran. Àwọn kan máa ń lo méjèèjì fún nǹkan kan náà. Mi ò bá wọn jà.

Ìkùdíẹ̀-káàtó ni mi ò fẹ́ràn. Rédíò ni mo ti ń gbọ́ ọ jù, lẹ́nu àwọn tó fẹ́ tọrọ ìbò lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀nà tí kò tíì rí ọ̀dà látìgbà tí wọ́n ti wú u, ṣé díẹ̀ ló kù kó tó? Adégòkè Adélabù, olóṣèlú Ìbàdàn ayé ọjọ́un, ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. "Peculiar mess" lòun sọ nílé ìgbìmọ̀, tí àwọn ará Ìbàdàn tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di pẹnkẹlẹmẹẹ̀sì. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa Adélabù ní 1958, ọ̀rọ̀ yẹn ò kú. Tí ọmọ kan bá kó wàhálà wọ ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, pẹnkẹlẹmẹẹ̀sì ni mò ń pe ohun tó ṣe. Ohun tó ṣe ni o, kì í ṣe òun.

Ìlú wa kúkú ti ṣe irú ẹ̀ fún ara ẹ̀. Ẹni tó bá ń ki Ìbàdàn á ki Olúyọ̀lé, á ki Ògúnmọ́lá, á ki Látóòsà, á wá já a sí: "A kì í wáyé ká má lárùn kan lára, ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn." Nínú oríkì o! Ó yé mi. Jagunjagun ló tẹ̀dó síbí ní nǹkan bí 1829, látọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, agbára apá ni wọ́n sì fi ń gba oyè, kì í ṣe ilé tí wọ́n bí wọn sí. Tí ogun ò bá sí níta, irú wọn á dojú kọ ara wọn. Ohun tó ń mú wọn ṣẹ́gun náà ló ń dà wọ́n láàmú nílé.

Àrùn ni onírárà pè é, ara ló sì gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin kan á ṣe dúró ní Bẹẹrẹ, tí ọkọ ẹ̀ ń bá awakọ̀ Máíkírà fa owó kékeré, tí á mirí, tí á ní, "Àrùn ẹ̀ nìyẹn." Kò dá a láre, kò sì lé e nílé.

Fàrídà ọmọ mi ní red flag làwọn ń pe irú àrùn bẹ́ẹ̀, pé téèyàn bá ti rí i kó sá ni. Ẹni tó ń lu ìyàwó, òótọ́ ni, kó sá, kó má tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó kàn háwọ́ díẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa wá kù?

Tí ọmọ bá wá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí, mo máa ń bi í pé, "Kí ni àrùn tìẹ?" Ọ̀pọ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn ò ní. Àwọn yẹn ni mo máa ń ṣọ́. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi wolẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, oorun òwúrọ̀ ni." Mo gbà á. Òun ló ń ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Ṣíṣí ẹ̀ di tèmi.