Ọkọ̀ méjì kì í jẹ́ orúkọ kan: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí rédíò ọkọ̀ ojú omi

Ọdún kẹjọ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ rédíò ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti ṣe fúrídọ̀mù tipẹ́, mo sì ti ní ọmọ iṣẹ́ méjì lábẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó lè ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀, mo sì ṣe é.

Ọlọ́kọ̀ kan ló pè mí. Ó ní ọkọ̀ tọ́ọ̀gì méjì tó ń fa báàjì yanrìn lórí ọ̀sà, ó sì ra AIS méjì fún wọn. AIS ni ẹ̀rọ tó máa ń kéde fún gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí pé: èmi rèé, ibí ni mo wà, ibí ni mo kọjú sí, báyìí ni mo ṣe ń sáré tó. SOLAS, òfin àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, fi dandan lé e fún ọkọ̀ tí títóbi rẹ̀ bá tó 300 gross tonnage tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Tọ́ọ̀gì tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tinútinú ló fi rà á, mo sì yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló tíì jáde. Inú ìwé yẹn ni MMSI wà, nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ jọ jẹ́ láyé.

Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ bá mi fi nọ́ńbà yìí sínú méjèèjì ná. Tí ìwé kejì bá dé, ẹ ó wá pààrọ̀ ẹ̀."

Mo ní, "Ọ̀gá, wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ó ní iṣẹ́ ń dúró. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ àkọ́kọ́, mo tẹ nọ́ńbà náà sí i. Mo so ó mọ́ èkejì, mo tún tẹ nọ́ńbà kan náà.

Ojú ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ tó ń gbọ́ yín kò mọ ọ̀dà tí ẹ fi kun ọkọ̀ yín, kò sì mọ ẹni tó ń tù ú. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló fi mọ̀ yín. AIS oríṣi Class B tí ọkọ̀ kéékèèké ń lò máa ń kéde ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30 tí ọkọ̀ bá ti ń sáré ju nọ́ọ̀tì 2 lọ, lórí 161.975 àti 162.025 MHz. Tí ọkọ̀ méjì bá ń fi nọ́ńbà kan kéde, ohun tí ẹni tó ń wo ojú ẹ̀rọ máa rí ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Ó wà ní Ìkòròdú báyìí, ó dé ẹnu Commodore Channel, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ Èkó láti òkun, ó tún padà sí Ìkòròdú, nǹkan bí 20 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni, ọyẹ́ mú, ojú omi ti ṣókùnkùn. Tọ́ọ̀gì kan wà ní Ìkòròdú, èkejì ń bọ̀ lẹ́bàá Tarkwa Bay pẹ̀lú báàjì rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan ń wọlé. Páílọ́ọ̀tì tó ń mú un wọlé rí tọ́ọ̀gì náà níwájú lójú AIS, ó tún wò ó, kò rí i níbẹ̀ mọ́. Rádà fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n nǹkan tí rádà ń fi hàn lẹ́nu ọ̀nà yẹn pọ̀: bọ́ì tó ń léfòó láti fi ọ̀nà han ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ apẹja wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ iwájú ọkọ̀ ńlá náà ló rí iná tọ́ọ̀gì, tó pariwo. Wọ́n fun fèrè, bàbá tó ń tu tọ́ọ̀gì gbọ́ ọ, ó yà kúrò lọ́nà. Ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Bàbá náà, ará Ìlàjẹ tí wọ́n bí sójú omi, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ kejì. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹnjiníà, mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí o dè mọ́ ọkọ̀ mi ń sọ fún wọn pé mi ò sí níbẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀rọ tí ń kúrò lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo béèrè ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò gba nọ́ńbà tí wọ́n kà fún mi lórí fóònù. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀ sì ní ilé tirẹ̀: mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń fi àsíá rẹ̀ rìn. 657 ni Nàìjíríà, 610 ni Bẹ̀nẹ̀, 671 ni Tógò, 627 ni Gánà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń rà wá síhìn-ín láti ilẹ̀ òkèèrè ṣì ń gbé nọ́ńbà ilé tí wọ́n ti kúrò kiri. Mo ti bá 244, tí í ṣe ti Netherlands, nínú ọkọ̀ tó ti ń fi àsíá Nàìjíríà rìn. Tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ké gbàjarè, àkọsílẹ̀ Netherlands ni àwọn tó ń gbani là máa yẹ̀ wò, ẹni tó ti tà á ni wọ́n sì máa pè. Tí àsíá bá yí, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ yí.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí bébà kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kí ẹnì kan máa kà, kí ẹlòmíràn máa tẹ̀, kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì kà á padà láti ojú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ VHF, ìyẹn rédíò tí ọkọ̀ fi ń sọ̀rọ̀, àti AIS kì í gbà kí ẹ tẹ MMSI ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti tì pa nìyẹn, àfi kí ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ fi sínú VHF àti AIS tí ẹ dè mọ́ ọkọ̀ kan.

AIS máa tún béèrè ìwọ̀n mẹ́rin: láti antẹ́nà GPS dé iwájú ọkọ̀, dé ẹ̀yìn, dé ọwọ́ òsì, dé ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi òdo sí i, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ẹ mú téèpù dání, ẹ wọ̀n ọ́n. Nínú ọkọ̀ mítà 24 tí antẹ́nà rẹ̀ wà ní mítà 8 sí iwájú, tí ẹ bá gbé iwájú sí ipò ẹ̀yìn, imú ọkọ̀ yín lójú ẹlòmíràn máa fi mítà 8 yẹ̀ kúrò níbi tó wà gan-an.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bọ́tìnnì pupa ara VHF. Tí ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 5, á fi DSC, ìyẹn ìpè tí rédíò ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìfi ẹnu sọ ọ́, kéde lórí channel 70 pé ọkọ̀ yín wà nínú ewu, á sì sọ nọ́ńbà yín àti ibi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n rédíò kò lè sọ ibi tí ẹ wà tí kò bá ní GPS nínú, tí ẹnikẹ́ni kò sì so wáyà GPS mọ́ ọn. Mo ti wọ ọkọ̀ tó ń kó èrò tí wáyà yẹn ká jọ sẹ́yìn rédíò, tí wọ́n fi téèpù dì í mọ́ra. Ẹ wo ojú rédíò yín lónìí: tí ẹ ò bá rí latitude àti longitude tó ń yí bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, ẹ pe ẹni tó dè é. Tí wáyà bá wà tí latitude àti longitude kò sì jáde, ẹ yẹ baud wò, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń yára fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí. NMEA 0183 ni èdè tí àwọn ẹ̀rọ ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀: láti GPS, ó sábà máa ń jẹ́ 4800, ti AIS jẹ́ 38400. Tí ẹ bá gbé ọ̀kan fún èkejì, wọn ò ní gbọ́ra wọn.

Lẹ́yìn bọ́tìnnì, ẹ lọ sí channel 16, ẹ fi ẹnu sọ ọ́: Mayday lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ ọkọ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀. Tí ọmọdé tàbí òṣìṣẹ́ kan bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì náà, ẹ má pa rédíò kí ẹ dákẹ́. Ẹ sọ lórí channel 16 pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, kò séwu, ẹ ti fagi lé e. Àwọn kan lè ti tú okùn láti wá yín.

Tọ́ọ̀gì méjì yẹn ńkọ́? AIS kejì kò gba àtúnṣe lọ́wọ́ mi. Mo tú u, mo fi ránṣẹ́ padà, owó ara mi ni mo san. Ọlọ́kọ̀ gbà pé ọ̀sán nìkan ni tọ́ọ̀gì náà máa máa rìn títí ìwé á fi dé. Nígbà tí ìwé dé, bàbá Ìlàjẹ yẹn dúró tì mí nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sójú omi, ó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn tó wà létí tirẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ wọn, ó pè mí lórí fóònù, ó sì ka nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.