Ẹni tí a kì í kí

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń kúrò nílé ní Saint-Denis, lẹ́bàá Paris, nílẹ̀ Faransé. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa lọ sí La Défense, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ńláńlá, lákòókò yẹn, dúdú ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn Árábù ló tẹ̀ lé e. Ó di nǹkan bí aago mẹ́jọ kí òyìnbó tó kún inú ọkọ̀ kan náà. Àwa la ti nu tábìlì tí wọ́n fẹ́ jókòó sí. Ẹni tó bá tètè dé nínú wọn á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọdún 11 rèé, àwọn tó ti kí mi kò pé márùn-ún.

Ní Àjàṣẹ́ ìlú mi, Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, ta ló jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀? Kí o tó ti ilé wa dé ọjà Wàńdó, o ó ti jẹ́ ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó, àìmọye. Àti Yorùbá, àti Gùn, àti Àgùdà, a jọ ń kíra wa ni. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, inú mi a sì máa dùn sí ìlú mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin pé ọmọ ọdún 17. Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọlọ́pàá dá a dúró. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri, wọ́n tú báàgì ìwé rẹ̀. Òyìnbó tí wọ́n jọ ń bọ̀ láti ilé-ìwé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè orúkọ. Kì í ṣe tọmọ mi nìkan o. Lọ́dún 2017, Défenseur des droits, àjọ ìjọba tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ aráàlú níbẹ̀, gbé ìwádìí jáde: ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n bá rí bíi dúdú tàbí Árábù, ó ṣeé ṣe kí ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlọ́po 20 ju àwọn yòókù lọ. Ìjọba Faransé kì í ka aráàlú ní àwọ̀ ní àwọ̀. Wọ́n ní ọmọ Faransé kan náà ni gbogbo wa. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ń kà á ní tirẹ̀.

Ọmọ náà bi mí pé, "Màmá, ṣé wọ́n ń ṣe báyìí fún èèyàn ní Bẹ̀nẹ̀?" Mo ní rárá. Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Nítorí mo rántí signal, ohun ìtìjú tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ ilé-ìwé níyà. Nílé-ìwé wa, ẹni tó bá fi Yorùbá tàbí Gùn sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, kò sì ní bọ́ ọ títí yóò fi gbọ́ èdè ilé lẹ́nu ọmọ mìíràn. Dúdú bíi tiwa ni tíṣà wa. Àwọn òyìnbó ti gbé ìjọba sílẹ̀ láti 1960. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo wà lórí ìlà ní ọ́fíìsì kan, ìyá arúgbó kan ń fi Yorùbá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé náà gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ ọ tó ń fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Faransé ló fi dá ìyá lóhùn, ó sì ní kó lọ wá ẹni tó máa bá a túmọ̀. Ìyá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó dùn mí ju ti La Défense lọ.

Èyí tí mi ò tíì sọ fún ọmọ mi rèé. Ọmọdébìnrin kan wà nílé wa, láti apá odò Wémè, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní vidomègon, ọmọ tí òbí fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tó wá di ọmọ ọ̀dọ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n mú un wá. Òun ló ń jí ṣáájú gbogbo wa, tó ń gbálẹ̀, tó ń pọnmi. Èmi ń lọ ilé-ìwé, òun ń kiri ẹ̀kọ. Tó bá kúnlẹ̀ kí wa láàárọ̀, iṣẹ́ tó kàn la fi ń dá a lóhùn. Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ wa. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Lóṣù tó kọjá mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mo ní, "Màámi, kí lorúkọ tí ìyá ọmọ yẹn sọ ọ́ gan-an?"

Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ayọ̀ ṣáà la máa ń pè é."